Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀ Jókòó Síwájú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o.

Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú Bellview tó gbéra n'Ìkẹjà, tó ń lọ sí Àbújá, já sí abúlé Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ò yè. Àwọn àgbà ìjọ á rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe dàrú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kọ́kọ́ ní Kíṣì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló já sí, wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yè. Ẹ wo ẹni tó ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n wá padà sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò sì rí òkú gbé sin. Àwa tí a ń sin bàbá wa sí ìta ilé, tí a ń kí wọn bí a bá ń kọjá, a mọ bó ṣe ń rí lára kí èèyàn ẹni lọ kí a má ní ibojì kan tí a lè na ìka sí.

Irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ ni mo ń rò bí a ṣe ń múra ìsìn ìrántí àti kọ́ńsáàtì tí àwa àtàwọn ìjọ tó yí wa ká fẹ́ jọ ṣe nínú oṣù yìí, fún gbogbo ẹni tí àjálù mú lọ, ìbáà jẹ́ ti ọkọ̀ òfuurufú, ti mọ́tò lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ti àgbàrá òjò tàbí ti ìbọn. Ẹni tí kò ní ibojì, ọjọ́ ìrántí yẹn ni ibojì tirẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti mú ìwé ètò wá, mo sì ti kà á. Ṣíṣí ìjókòó alága, ọ̀rọ̀ alága, ìkíni àwọn ẹni ọlá, ọ̀rọ̀ bàbá ìsàlẹ̀, ìfilọ́lẹ̀, ìkówójọ. Orúkọ àwọn olóògbé wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn á ti máa wá bàtà ọmọ wọn lábẹ́ àga. Mo dá a padà. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, mo mọ̀ pé ẹ sáré. Ṣùgbọ́n orúkọ ni a fẹ́ pe, òun ló máa ṣíwájú. Ẹni ọlá tó bá fẹ́ wá, kó wá kó jókòó bíi ti gbogbo wa, kó sunkún bó bá rí ẹkún sun.

Àwọn kan bi mí léèrè bóyá kọ́ńsáàtì yẹ lórí ọ̀rọ̀ òkú. Ẹ ṣí Kíróníkà Kejì, orí 35. Nígbà tí àwọn tafàtafà ta Jòsáyà Ọba lọ́fà ní Mẹ́gídò tó sì kú, Jeremáyà sun ún lẹ́kún, àwọn akọrin lọ́kùnrin àti lóbìnrin sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú orin arò wọn, títí ó fi di àṣà ní Ísírẹ́lì. Dáfídì náà, nígbà tí Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì kú, orin ló kọ, ó sì pàṣẹ kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ Júdà. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ akọrin má dá ara wọn lẹ́bi. Ohun tí mo kàn bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fi orin ijó sílẹ̀ fún ọjọ́ ìkórè. Bí onílù bá ṣèèṣì yí i sí ti gbẹ̀du, kí ọ̀gá akọrin fojú bá a wí.

Mo tún fẹ́ ègè, ewì ohùn ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á kùn. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ n'Ítókò. Ẹ̀gúsí ló ń bó nígbà tí mo dé. Ó ní, "Pásítọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ní kí n ti dá ègè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ti àwo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ tó kú sójú ọ̀nà. Ó pe oríkì rẹ̀, ó pe ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá bá wọn tẹ Abẹ́òkúta dó, ó sì bi í pé ta ló kù tó máa bá òun gé èékánná ẹsẹ̀. Mo ti wàásù níbi ìsìnkú púpọ̀, kò sí èyí tó dé ibi tí ègè yẹn dé. Bí ẹ̀yin Ẹ̀gbá bá sọ pé ègè ò yẹ nínú ilé Olúwa, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá yìí máa dá a.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba máìkì láti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kú. Ìwádìí ìjọba gan-an parí láìlè sọ pàtó ohun tó já ọkọ̀ Lísà yẹn. Nínú Lúùkù 13, ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, Jésù sì bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ. Rárá, ló wí. Lójú tèmi, ọjọ́ méje tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n wúlò jù. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé.

Àwọn tó ṣe irú èyí ṣáájú wa wà. Ní Òkè-Àfá l'Ékòó, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bómi lọ nígbà tí àdó olóró bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, àwọn ẹbí ṣì ń péjọ rántí wọn. Ìlú Ọ̀wọ̀ náà ò lè gbàgbé ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Kẹfà 2022, tí wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Kátólíìkì Fránsísì Mímọ́.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ti lọ wo àdìrẹ ní Ìtòkú. Àdìrẹ dára, ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní sí aṣọ ẹbí. Èyí tí ẹ bá ní nílé, dúdú tàbí funfun, ẹ wọ̀ ọ́. Kò sí ike, kò sí abọ́ tí a tẹ àwòrán sí. Owó tí a kò bá ná sórí ìyẹn àti ọrẹ ọjọ́ náà, owó ilé ìwé àwọn ọmọ tó pàdánù òbí ni. Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ni yóò bójú tó o, a ó sì tẹ ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé yìí kí gbogbo ènìyàn rí i. Lemọ́mù àdúgbò ti ṣèlérí pé òun àtàwọn ènìyàn òun á wá, nítorí àjálù kò béèrè ẹ̀sìn.

Ẹ mú orúkọ àwọn ènìyàn yín wá sí ọ́fíìsì ìjọ kó tó di Ọjọ́rú. Ẹ fi àmì ohùn sí i kí ẹni tó máa kà á má ṣì í pè. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kó sọ ọ́ fún akọ̀wé. Bí ó bá ní oríkì, ẹ fi kún un. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa bẹ̀rẹ̀. Àga iwájú, ti àwọn ẹbí ni. Ẹ̀yin alàgbà àti ẹ̀yin olóyè ìjọ, ẹ̀yìn lẹ máa jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti sọ fún àwọn wọ́dà.