Àwọn tó ń yan ìwé fún ọmọ wa kì í kàwé

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀kún o.

Inú ń bí mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ kan ní Kàbà níbí, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ dìde, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìwé ìfẹ́ kúrò nínú yàrá ìkàwé. Ó ní ìwé olè ni ti àkọ́kọ́, ìwé ìṣekúṣe ni ìkejì. "Ìwé tó ní ẹ̀kọ́" nìkan ló yẹ kí ọmọ máa kà. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́! Mo na ọwọ́ sókè, mo bi í pé èwo nínú wọn ló ti kà tán. Ó ní òun ò ráyè irú ìyẹn. Alága ní kí n jókòó.

Ẹni tí kò ka ìwé, báwo ló ṣe mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Àwọn tó ń yan ìwé fún ọmọ wa kì í kàwé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi kà. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Lápàdé, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú rẹ̀, òwe àti orin kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òwe tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wa níléèwé, inú ìlà márùn-ún lójú pátákó ló wà, "parí òwe yìí". Ti Lápàdé ń ṣiṣẹ́: ó ń fi í bú èèyàn, ó ń fi í tan èèyàn. Ẹ fún ọmọkùnrin tó lóun kórìíra Yorùbá ní ìwé yẹn, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò gbọ́ nígbà tí ẹ bá pè é wá jẹun.

Fágúnwà ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mo máa ń fo ìwàásù rẹ̀. Agbákò, ẹbọra tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, ni mo ń wá lọ sínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó kọ ní 1938, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ìwàásù náà sì ni àwọn ọ̀gá yìí máa ń fi ṣe ìdánwò!

Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 wà lára èyí tí wọ́n ń pè ní ìṣekúṣe. Èmi ò fẹ́ràn Àjàní inú rẹ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kò mọ èwo ló fẹ́ mú nínú àwọn obìnrin tó ń bá rìn. Ọmọbìnrin mi ní mo le mọ́ ọn jù, ìyá rẹ̀ dá sí i, a jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ sọ fún mi, ìwé "tó ní ẹ̀kọ́" wo ló ti dá irú iyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílé yín rí?

Ti ewì ló tilẹ̀ burú jù. Wọ́n á kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa ka iye àfiwé àti àwítúnwí inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa la ẹnu kó ké e sókè. Ewì tí Ọlánrewájú Adépọ̀jù ṣe sínú àwo, ta ló jókòó ka àfiwé inú rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó dùn? Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ jáde báyìí sì jẹ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n gé sí ìlà kéékèèké: ẹ ṣiṣẹ́, ẹ hùwà rere, ẹ gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Kí ìyá àgbà kan ní Bùnú dárò òkú fún mi ní ìdájí wákàtí, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju odidi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ, àkékúrú ìtàn lápá kan, ìbéèrè àti ìdáhùn lápá kejì. Wọ́n ní kò di dandan kí wọ́n ra ìwé gan-an. Mo tún un sọ o: àwọn tó ń yan ìwé fún wọn kì í kàwé, wọ́n sì ń fẹ́ kí àwọn ọmọ jọ wọ́n.

Kí ìjọba ra ìwé sí yàrá ìkàwé. Kí olùkọ́ máa kéwì. Àwọn yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ fi èyí tó kù lé, ẹ̀yin Olóòtú.

Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, Akéde Èkó, díẹ̀díẹ̀, bíi lẹ́tà tí arúgbó aṣẹ́wó kan ń kọ sí olóòtú. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Lẹ́yìn náà ló di ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì ní òun ni ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ìwé aṣẹ́wó! Ká ní ọ̀gá wa yìí wà l'Ékòó nígbà náà ńkọ́?

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ojú ewé kan lọ́sẹ̀. Kí ẹ wá òǹkọ̀wé tó mọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ, kó dúró níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn lóru, kí a máa retí títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po. Kí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa: kí wọ́n jí nǹkan gbé lọ́jà Ìsánlú, kí olè náà sá gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìtàn náà, ewì kan ṣoṣo ní ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwa níbí, kí ẹni tó ń sọ Owé kọ ọ́ ní Owé, Yàgbà ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ bákan náà, kí ẹ má sì tún un ṣe sí ti Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ wa ń fi èdè yìí bú ara wọn lójoojúmọ́, wọn ò rí i nínú ìwé rí. Kí ẹ fi ewì náà sórí ẹ̀rọ ayélujára ní ohùn, torí ìwé ìròyìn máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti ọ̀nà Lọ́kọ́ja yẹn, lẹ́tà mìíràn nìyẹn.

Ẹ fi ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ yẹn bá kọ̀wé ẹ̀sùn sí yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ka ìpín kìn-ín-ní.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí