Ìdí tí ojú awakọ̀ bàálù ogun fi ń ṣú

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Leeds? Màmá mi ní kí n kí ọ dáadáa, aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́ bá a mu gan-an.

O bi mí pé kí ló kan èmi, tí mo ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ìtọ́jú ara, pẹ̀lú bàálù ogun. Jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí iṣẹ́ yìí, ìṣirò tí mo ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé orí awakọ̀, ti gbà mí lọ́kàn.

Bí èèyàn bá jókòó, ojú àti ọpọlọ fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà ga ju ọkàn lọ. Ọkàn ní láti ti ẹ̀jẹ̀ gòkè, bí pọ́ǹpù ṣe ń ti omi lọ sínú táǹkì orí òrùlé. Ká ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nídìí ọkàn jẹ́ 100 mmHg, ìwọ̀n ìfúnpá tí ìwọ náà ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Kó tó dé ojú, ìwúwo ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti jẹ bíi 23 nínú rẹ̀. Ìjókòó lásán nìyẹn, 1G, ìyẹn ni pé ara wúwo bó ṣe máa ń wúwo lórí ilẹ̀. Bí awakọ̀ bá wá yí bàálù kíkankíkan títí ara rẹ̀ fi wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin (4G), 23 yẹn á di 92. Mélòó ló kù? 8 péré, bẹ́ẹ̀ ìfúnpá tó wà nínú ẹyin ojú fúnra rẹ̀ tó bíi 15. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè wọ ojú. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń kọ́kọ́ lọ: àwọ̀ á ṣí, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á pòórá, òkùnkùn á bo gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ awakọ̀ náà á ṣì máa gbọ́ ohùn lórí rédíò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń dákú.

Ìṣirò yẹn rọrùn. Àkókò ló le. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ni ara ti ń mọ̀ pé ìfúnpá ti lọ sílẹ̀, tó sì ń ní kí ọkàn yára, kí iṣan sì fún pọ̀. Otto Frank, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ti fi ìṣirò ṣàpèjúwe bí iṣan ńlá ṣe ń fẹ̀ tó sì ń sún kì láti ọdún 1899. Mo gba ọ̀nà rẹ̀, mo pín ara sí orí, àyà, ikùn àti ẹsẹ̀ nínú ìṣirò orí kọ̀ǹpútà mi. Tí mo bá gbé 4G wọlé díẹ̀díẹ̀, ìlà tó ń fi ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ orí hàn lójú kọ̀ǹpútà á rọra lọ sílẹ̀, á sì dúró. Tí mo bá gbé e wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á já wálẹ̀ ṣòòròṣò. Ìdáhùn ara ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 6 sí 10. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó kù nínú ọpọlọ ò ju ti nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrànlọ́wọ́ náà ń bọ̀ wá bá ti dákú.

Ìdí nìyẹn tí Wilbur Franks, olùṣèwádìí ní yunifásítì Toronto ní Kánádà, fi ṣe aṣọ olómi tó ń fún ẹsẹ̀ àti ikùn pọ̀, tí àwọn awakọ̀ lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Atẹ́gùn ló kù tí wọ́n ń lò báyìí. Ìdùbúlẹ̀ tún ju aṣọ lọ: ní October 2018, nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Soyuz ti Rọ́ṣíà bà jẹ́ lójú ọ̀run, Ovchinin àti Hague, àwọn arìnrìn-àjò ojú òfuurufú méjì tó wà nínú rẹ̀, fara da nǹkan bíi 6.7G, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi lélẹ̀, ọkàn àti orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọgbọọgba.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló wá kàn. Àwọn arúgbó tí òòyì ń kọ́ bí wọ́n bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ìṣirò kan náà ni. Nígbà tí mo dín bí ọrùn ṣe ń yára dáhùn kù, ìlà náà já wálẹ̀ lórí 1G lásán. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí dé. Bàálù kàn jẹ́ kí n rí i kedere ni.

Jọ̀ọ́, bí o bá ráyè, sọ fún mi: lẹ́yìn tí wọ́n bá dìde, ṣé lójú ẹsẹ̀ ni òòyì náà ń dé, àbí ó ń pẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ máa ń wọn ìfúnpá wọn ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró? Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i o.

Kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Káyọ̀dé