Orí Ni Ìjọba Ń Kà fún Dókítà Ẹbí, Kì Í Ṣe Ìbẹ̀wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfẹ́rí àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti sọ pé àwọn dókítà ẹbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo wa ń pè ní GP, ń gbowó ní gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àti pé ọ̀lẹ lásán ni kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ rí wa. Mo mọ ohun tó ń bí i nínú, nítorí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù láago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí wọ́n sì sọ fún un kí aago mẹ́sàn-án tó lù pé àyè ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣirò owó irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ jẹun, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ilé ìwòsàn GP kan, iye kan wà tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń san lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, yálà ó wá ní ogún ìgbà tàbí kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, iye náà lé díẹ̀ ní £120 lórí ẹnì kan, kí wọ́n tó gbé orí onítọ̀hún sórí ìwọ̀n tí mo ń bọ̀ wá sọ. Nínú owó yìí ni wọ́n ti ń san owó oṣù nọ́ọ̀sì àti ti àwọn tó ń dáhùn fóònù, ibẹ̀ náà ni owó iná ti ń jáde, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù ni àwọn dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ń pín láàárín ara wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́ ni wọ́n. Nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1948, àwọn dókítà kò gbà láti di ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún, Aneurin Bevan tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà sì fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbaṣẹ́ṣe. Orí kíka tilẹ̀ dàgbà ju NHS lọ, nítorí inú òfin adójútòfò ọdún 1911, tí Lloyd George tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà gbé kalẹ̀, ló ti wá. Ohun tí àdéhùn ọdún 2004 yí padà ni pé ilé ìwòsàn lódidi ni ìjọba ń bá ṣàdéhùn báyìí, kì í ṣe dókítà kọ̀ọ̀kan mọ́.

N kò sọ pé ètò náà kò ní àléébù. Ẹni tí wọ́n ti sanwó lé lórí tẹ́lẹ̀, bó bá wá lónìí, kò fi kọ́bọ̀ kún owó wọn, àkókò wọn nìkan ló gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n máa sanwó fún ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, a ó rí dókítà tí yóò máa pe ènìyàn padà lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì lè yanjú lórí fóònù. Èmi fara mọ́ orí kíka. Bí wọ́n ṣe ń wọn orí náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìlànà ìṣirò kan wà tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Carr-Hill ti Yunifásítì York pè. Ó ń wo ọjọ́ orí ènìyàn, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ilé ìtọ́jú arúgbó ló ń gbé, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ni, bóyá ìgbèríko ni àdúgbò rẹ̀, àti bí owó oṣù ṣe wọ́n tó níbẹ̀. Ó tún ń fi díẹ̀ kún un nítorí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ikú àìtọ́jọ́. Ọjọ́ orí ló jọba nínú gbogbo rẹ̀: arúgbó ẹni ọdún 85 wúwo ju ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ fíìfíì, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀, ìṣirò náà sì kà wọ́n sí ara líle, bẹ́ẹ̀ àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Obìnrin ẹni ọdún 45 kan lè ní méjèèjì. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, inú yàrá tí ògiri rẹ̀ ti hu ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, ìṣòro mẹ́ta ló sì gbé wá sí ìbẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin ẹni ọdún 45 nìkan ni ìwọ̀n náà rí. Kò ka òṣì sí nǹkan kan lọ́tọ̀.

Owó mìíràn ń wọlé o. Wọ́n ń gba máàkì fún ìtọ́jú àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, máàkì sì ń di owó. Wọ́n ń gbowó lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìjọba sì ń san owó ilé fún wọn. Láti ọdún 2019, owó kan tún wà fún gbígba apoògùn àti irú wọn síṣẹ́, ṣùgbọ́n títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọn kò gbọ́dọ̀ fi gba dókítà. Dókítà tuntun ń wáṣẹ́, ilé ìwòsàn ń wá dókítà, owó wà nílẹ̀, òfin ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ta ló ronú irú èyí?

Ọ̀rọ̀ owó ìwé tí dókítà ń kọ fún ènìyàn náà ń dá ìjà sílẹ̀ púpọ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan tí màmá kan ní kí dókítà kọ ìwé fún àwọn adójútòfò ìrìn àjò òun. Ọmọbìnrin tó jókòó sí iwájú, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà, ẹ máa san owó ìwé yẹn.” Màmá fọwọ́ lu tábìlì: “Ṣé èyí tí ìjọba ń san lé mi lórí kò tó yín ni?” Ìbéèrè gidi ni, èsì sì wà fún un. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àdéhùn NHS, nítorí náà wọ́n lè bu owó lé e. Ṣùgbọ́n wíwo àìsàn ọ̀fẹ́ ni, ìwé fún ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ keje àìsàn náà ọ̀fẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Mo tún ń rí i pé àwọn kan lára wa ń sá fún ìforúkọsílẹ̀ nítorí ìwé ìgbélùú tí kò tíì pé. Ìtọ́ni NHS yé wa yékéyéké: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé yín padà nítorí pé ẹ kò ní ìwé ìrìnnà tàbí ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, kò sí owó tó ń wá sí àdúgbò nítorí rẹ̀. Ẹni tó sì ti kó padà sílé pátápátá láìsọ fún wọn, owó rẹ̀ ṣì ń wọlé, ìyẹn náà kò dára.

Ìjọba ti kéde ní ọdún 2025 pé àwọn yóò tún ìlànà Carr-Hill yẹ̀ wò. Mo rọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, kí wọ́n kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wọn kí àyẹ̀wò náà tó parí, kí wọ́n béèrè pé kí wọ́n ka òṣì, kí wọ́n sì ka àìsàn láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, láìdúró de ọjọ́ ogbó.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù