Obì àti Orógbó Lórí Ilẹ̀ Bàbá Yín

Tóyìn ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé òtútù ò sì fìyà jẹ àwọn ọmọ jù? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ara wọn ti le, wọ́n ti padà sídìí ọjà wọn.

Mo gba ìwé rẹ lórí ilẹ̀ bàbá yín lọ́nà Ṣàgámù. O ní àbúrò rẹ ọkùnrin ń fẹ́ obì, obìnrin ń fẹ́ orógbó, kí n bá yín dá sí i. Èrò tèmi rèé: orógbó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn, lọ́dún yìí gan-an, kẹ́ ẹ tó ro ti obì. Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu, torí ìdí obì ni ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà.

Obì dára, n kò ní bú u. Gbànja aláwẹ́ méjì, èyí tí wọ́n tún ń pè ní góòrò, ni àwọn Hausa ń wá rà ní Sábọ́, òun ló sì ń mówó wọlé jù. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa látilẹ̀wá, ìhà Gánà ni wọ́n ti mú un wá kí ó tó kún Agége àti ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àbàtà, tó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, ni onílé. Òun la fi ń bọ nǹkan, aláwẹ́ mẹ́rin rẹ̀ la sì fi ń dá obì. (Àwọn ọmọ Lùkùmí, ìyẹn ìran Yorùbá tó wà ní Kúbà, ò rí i bá a ṣe ń rí i, àgbọn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ títí dòní.) Àwọn igi méjèèjì yìí fẹ́ ilẹ̀ tó jinlẹ̀, tó lọ́ràá, tí omi kì í dárogún sí. Wọ́n fẹ́ òjò dáadáa, wọ́n sì fẹ́ ibòji nígbà tí wọ́n bá wà ní kékeré. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń gbìn wọ́n sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọdún 5 sí 7 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í so, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọdún 20 kí wọ́n tó so dójú àmì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Igi gbànja kan ṣoṣo lè tanná títí kó má so nǹkan gidi, torí ìtànná rẹ̀ kì í sábà gba àtíkè ara rẹ̀, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tó ń mú kó so, ti igi mìíràn tó yàtọ̀ sí i ló ń fẹ́. Ẹni tó bá gbin ẹyọ kan sẹ́yìn ilé, ibòji nìkan ló máa rí. Àfi kí ẹ gbìn ín lọ́pọ̀, kí irúgbìn rẹ̀ sì ti ara oríṣiríṣi igi wá, kí àlàfo àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 25.

Gbígbìn rẹ̀ gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù fún yín, iṣẹ́ ẹ̀yìn ìkórè ni. O rántí àgbàlá wa. Wọ́n á gé èso rẹ̀, wọ́n á là á, wọ́n á yọ ọmọ inú rẹ̀ tó wọ awọ funfun. Wọ́n á rẹ ẹ́ títí awọ yẹn á fi jẹrà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ omi, lẹ́yìn náà wọ́n á kó o sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ewé bá gbẹ, obì á rọ. Bí omi bá pọ̀, á bu. Kòkòrò kékeré ẹlẹ́nu gígùn kan sì wà tó jẹ́ pé inú oko ló ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ìyá mi á mú obì kan, á fi àtàǹpàkò yí i, á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá rí ihò tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́, á yà á sọ́tọ̀ kíákíá kó má kó ran ìyókù. Ó ń dùn mí pé àwọn kan ti sá fún iṣẹ́ yìí, wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí ohun tí ènìyàn yóò fi sẹ́nu jẹ. Ta ni yóò máa ṣọ́ agbọ̀n fún yín nígbà tí gbogbo yín wà lókè òkun?

Orógbó kì í da ènìyàn láàmú báyẹn. Igi igbó ni, ó fara mọ́ ibòji àwọn igi ńlá, ilẹ̀ àti òjò tó tó obì tó òun náà. Èso rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n, ara rẹ̀ ṣe múlọ́múlọ́, ọmọ inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ méjì sí mẹ́rin. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́, kò béèrè ewé, kò béèrè kí a máa yí i lójoojúmọ́. Wo èyí tí ìyá rẹ fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí ọ lọ́jọ́sí: obì ti dúdú kó tó dé, o ṣì ń jẹ orógbó rẹ̀.

Sùúrù ló ń gbà. Bí ẹ bá kàn rì í mọ́lẹ̀, ó lè ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó hù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bó awọ rẹ̀, wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á wá dì í sínú ọ̀rá tó tutù títí á fi yọjú. Lẹ́yìn náà ó lè gba ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó so. Akọ àti abo sì ń bẹ nínú igi rẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ akọ títí á fi tanná, nítorí náà ẹ gbìn ín ju iye tí ẹ fẹ́ lọ.

Torí ọdún 10 yẹn ni mo ṣe ní kó ṣáájú. Gbogbo ènìyàn ń tà á, wọ́n ń jẹ ẹ́ fún ikọ́, kì í sì í wọ́n nínú àwo ìsọmọlórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣàngó kò lè ṣe aláìní in, torí Ṣàngó kì í gba obì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbìn ín kò pọ̀. Wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n ń hú gbòǹgbò rẹ̀ fi ṣe pákò, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, igi tí wọ́n sì ń pa kò ní arọ́pò. Ó ti wà lára igi tí àwọn onímọ̀ kà sí èyí tó wà nínú ewu.

Ní ti obì, ẹ fi ti àbúrò rẹ ọkùnrin sí ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ máa gbìn ṣáájú rẹ̀ bá ti gòkè tó láti bò ó. Màá bá yín béèrè ọmọ igi gbànja ní CRIN, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, torí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí obì níbẹ̀ náà.

Irúgbìn orógbó ti wà lọ́wọ́ mi, láti ara igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bá àwọn àbúrò rẹ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tí yóò máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò sì máa ro àyíká rẹ̀ kí iná ìgbẹ́ má bàa dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ti fẹnu kò, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bó awọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́