Lẹ́tà sí Mike Gravel, aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà nígbà kan rí, láti ọwọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan

Alàgbà Gravel,

Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2021 lẹ fi ayé sílẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí alẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ yín pé àádọ́ta ọdún. Mo ka ìròyìn ikú yín nígbà náà, ó sì dùn mí bí ikú ẹni tí a kò bá pàdé rí ṣe máa ń dunni nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n n kò kọ nǹkan kan. Ohun tó mú mi kọ̀wé báyìí ni ìwé ìbúra tuntun kan tí wọ́n gbé síwájú mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, pé kí n fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tí mo bá gbọ́ nínú ìpàdé ìkọ̀kọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàmójútó ológun, n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni mí. Èmi ni mo máa ń kọ ohun tí àwọn aṣòfin bá sọ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ka ìwé náà lọ ni ọ̀rọ̀ yín sọ sí mi lọ́kàn, n kò sì mọ alààyè kan tí mo lè bá sọ ọ́.

N kò ní ròyìn alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1971 fún yín bí ẹni pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ rántí pé inú gbọ̀ngàn Ilé Aṣòfin Àgbà gan-an lẹ ti kọ́kọ́ fẹ́ ka àwọn ìwé Pentagon, ìwádìí ìkọ̀kọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ṣe lórí ogun Vietnam, tí àwọn aṣòfin tó wà níjòókòó kò sì pé iye tí òfin béèrè. Ipò kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́ ni ti alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí kíkọ́ ilé ìjọba àti ìtọ́jú àyíká wọn. Ẹ pe ìpàdé lóru. John Dow, aṣojú-ṣòfin láti New York, wá jẹ́rìí pé òun ń fẹ́ kí ìjọba kọ́ ilé kan sí agbègbè òun. Ẹ dá a lóhùn pé ó wu yín láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ogun tó ń jà ní Vietnam ti kó owó lọ, nítorí náà ó yẹ ká kọ́kọ́ wádìí bí a ṣe bá ara wa nínú ogun náà. Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nìyẹn. Mo ti rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n yìí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí mo mọ bí èèyàn ti gbọ́dọ̀ mọ ìlànà ilé aṣòfin tó kó tó lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Aṣòfin William Fulbright, alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti gba púpọ̀ nínú ìwé kan náà lọ́wọ́ Daniel Ellsberg, ẹni tó tú àṣírí ìwé náà, láti ọdún 1969. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ológun pé kí wọ́n fún ìgbìmọ̀ òun ní ẹ̀dà rẹ̀, wọn kò fún un, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó kà á sí gbangba. Ẹni tí òfin ní kó máa béèrè ọ̀rọ̀ ogun lọ́wọ́ ìjọba kò sọ̀rọ̀; ẹni tí wọ́n ní kó máa mójú tó ilé kíkọ́ ló sọ ọ́.

Ohun kan wà nínú alẹ́ yẹn tí n kò tíì rí ìdáhùn sí, ó sì ti gbà mí lọ́kàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé kíkà kò rọrùn fún yín láti kékeré, síbẹ̀ ẹ kà á títí di nǹkan bí aago kan òru. Ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa apá tí wọ́n ń gé kúrò lára ènìyàn àti irin tó ń gba ara ọmọ ènìyàn kọjá nítorí ìlànà ìjọba, ẹ sì bú sẹ́kún, ẹ kò lè tẹ̀síwájú mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ nu ojú yín tán, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni takò ó kí ìyókù wọ inú àkọsílẹ̀, kò sì sí aṣòfin mìíràn níbẹ̀ tí yóò takò ó. Báyìí ni ojú ìwé 4,100 ṣe di ti gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè mi ni pé: ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀ tó ń kọ ọ́. Ṣé ó kọ ẹkún náà, àbí ó gbé kálàmù sókè títí ẹ fi dákẹ́? Wọ́n kọ́ àwa akọ̀wé pé ọ̀rọ̀ nìkan ni ká máa kọ, pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀, pé ẹkún kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo máa ń ro ẹni yẹn nígbà tí mo bá ń darí lọ sílé. Mo máa ń ro bí ó ṣe jí lọ́jọ́ kejì, bóyá ẹ̀rù bà á, àti bóyá ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè bi aṣòfin léèrè ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ilé aṣòfin. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì fi ara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Leonard Rodberg, ni wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ tú ìwé báńkì ìjọ tó ni Beacon Press, nítorí pé ilé-ìtẹ̀wé náà gbà láti tẹ ohun tí àwọn tó kù kọ̀. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1972, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n ní ààbò bò yín, ó sì bo amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ iṣẹ́ aṣòfin ló ń bá yín ṣe, ṣùgbọ́n ààbò náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé e lọ fún ayé kà. Ellsberg fúnra rẹ̀ fojú ba ilé-ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn tó lè gbé e sẹ́wọ̀n ọdún 115 kí adájọ́ tó fagi lé gbogbo rẹ̀ ní ọdún 1973. Ẹ̀yin aṣòfin ní òrùlé. Àwa tí a ń kọ̀wé sílẹ̀ fún yín, tí a ń gbé fáìlì, ìta ni òjò ti ń pa wá.

Lẹ́yìn yín, àwọn ènìyàn yín rò pé ọ̀rọ̀ ti ní àtúnṣe. Ilé Aṣòfin Àgbà dá ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1976, Ilé Aṣojú-ṣòfin dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977. Síbẹ̀, lọ́dún 1976 kan náà, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣojú-ṣòfin tí Otis Pike ṣe alága rẹ̀ ti wádìí owó tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń ná, wọ́n sì rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ṣùgbọ́n Ilé Aṣojú-ṣòfin dìbò, 246 sí 124, pé kí wọ́n má gbé ìwádìí ara wọn jáde. Nígbà tí akọ̀ròyìn Daniel Schorr sì jẹ́ kó dé etí aráyé, òun ni àwọn aṣòfin pè wá jẹ́jọ́, pé ta ló fún un. Lórí owó yẹn kan náà, òfin ọdún 1949 ti jẹ́ kí CIA, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, lè ná owó láìṣe ìṣirò rẹ̀ ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n máa gbé àkọsílẹ̀ ìnáwó jáde. Ọkùnrin kan tó ń san owó orí gbé e lọ sílé-ẹjọ́; ní ọdún 1974 wọ́n ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ọdún 2007 ni òfin tó mú kí wọ́n máa sọ àpapọ̀ owó náà tó dé, bílíọ̀nù 43.5 dọ́là lọ́dún náà, iye kan ṣoṣo láìsí àlàyé ohun tí wọ́n fi rà. Àlàyé tí ayé rí lẹ́yìn ìyẹn, ti bílíọ̀nù 52.6 dọ́là fún ọdún 2013, ọwọ́ Edward Snowden, ẹni tó tú àṣírí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe ọwọ́ aṣòfin.

Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2003, aṣòfin Jay Rockefeller gbọ́ nípa ètò ìgbọ́hùn àwọn ènìyàn tí ìjọba ń ṣe, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí igbákejì ààrẹ, nítorí kò gbọdọ̀ bi òṣìṣẹ́ rẹ̀ tàbí agbẹjọ́rò kankan léèrè, ó sì ti ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ inú àpòòwé níbi ìpamọ́ ìgbìmọ̀, kí ẹ̀rí lè wà pé òun sọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ títí ìwé ìròyìn fi tú àṣírí ètò náà ní ọdún 2005. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2013, aṣòfin Ron Wyden bi James Clapper, olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ní gbangba bóyá NSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ìbánisọ̀rọ̀, ń kó ìròyìn nípa mílíọ̀nù àwọn ará Amẹ́ríkà jọ. Clapper ní rárá. Wyden mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè sọ. Àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n mú mi bínú sí yín díẹ̀: ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, kò sì sí ẹni tó gbà á kọjá lẹ́yìn yín. Nígbà tí aṣòfin Mark Udall fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi orúkọ yín bẹ̀ ẹ́ pé kó ka ìwé ìwádìí lórí ìfìyàjẹni CIA sínú àkọsílẹ̀ kó tó lọ. Ó sọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n ìwé tó ju ojú ewé 6,700 lọ náà ṣì wà nípamọ́, àkékúrú rẹ̀ nìkan ló jáde.

Mo mọ̀ pé àṣírí wà tó yẹ ká pa mọ́. Orúkọ ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láàárín ọ̀tá, ọ̀nà tí ọmọ ogun yóò gbà lọ́la, n kò ní kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ní kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé wa tó kọjá, ìbéèrè ọmọ ìgbìmọ̀ kan kò kan orúkọ tàbí ọ̀nà. Owó kan ló béèrè, tó wà lórí ìlà kan ṣoṣo nínú àbá ìṣúná, tó ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan láìsí àlàyé. Ọ̀gágun tó jókòó síwájú rẹ̀ dáhùn pé ìdáhùn lè fi ẹ̀mí àwọn ọmọ ogun sínú ewu. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ó ṣe jẹ́. Alága mi orí, ó ní kí a kọjá sí èyí tó kàn. Lẹ́yìn ìpàdé, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ alága wá bá mi lórí ìjókòó mi, ó ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n dáhùn ìbéèrè náà, ó sì tẹ́ ìgbìmọ̀ lọ́rùn. Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì pàṣẹ, nítorí ó mọ̀ pé ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì.

N kò tíì kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀gágun, mo fi àyè sílẹ̀, mo sì lọ sórí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tó kọ ẹkún yín, bí ó bá kọ ọ́ rárá, ṣe lè ti ṣe. Ìwé ìbúra tuntun náà tún ní ìlà kan tí n kò rí nínú ti àtijọ́, pé n kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹ̀dà ohunkóhun sí ibi ìpamọ́ kankan. Àpòòwé Rockefeller pàápàá, n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gba àkọsílẹ̀ ìpàdé náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìwé ìbúra tí mo ti fọwọ́ sí. Kò sí orúkọ alága lábẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tèmi nìkan ni wọ́n ń béèrè.