Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Àpò Òrí Wa 14 àti Owó Tí Wọ́n Bù Lé Igi Tí Kò So

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí ń ṣà òrí tí a sì ń se é,
Ilẹ̀ Ìgbómìnà, Gúúsù Kwara.
Oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo kánsẹ́lọ̀.

Alága wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a kí ilé, a kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí àga náà tù yín lára. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti di bàbá lé wa lórí, orí ìkúnlẹ̀ ni a wà tí a fi ń kọ ìwé yìí. Akọ̀wé wa nìkan ló jókòó, nítorí kò lè kúnlẹ̀ kó tún máa kọ̀wé.

Ẹ mọ̀ wá. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní àgbègbè yìí, títí kan àwọn tó wà ní ọ́fíìsì lónìí, tí a kò fi òrí wa pa lára kí ó tó mọ̀ pé òun wáyé. Ní Oṣù Kẹjọ tó kọjá, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró òrí jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, sọ fáyé gbọ́ pé orílẹ̀-èdè yìí ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú ìdá 100 òrí àgbáyé, ṣùgbọ́n ìdá 1 péré ló ń kàn wá nínú ọjà rẹ̀. Ta ló ń ṣà á? Àwa ni. Ẹgbẹ́ tí Abuja ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa dé nìyí. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, agbowó-òde mẹ́ta fi ọkọ̀ káńsù wá sí ìsọ̀ wa, wọ́n ní obìnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san ₦12,000 fún ọdún yìí. Tẹ́lẹ̀ rí, ₦300 lórí àpò tí a bá gbé wọ ọjà ni à ń san, a kò sì jẹ káńsù ní kọ́bọ̀ rí. A ní kí wọ́n fún wa láyè kí a fi orí korí. Kí a tó parí gbólóhùn, wọ́n ti kó àpò kóró gbígbẹ 14 sọ́kọ̀, wọ́n gbé abọ́ òrí ńlá méjì lé e, wọ́n sì fi àgádágodo ti ìsọ̀. Inú oòrùn ni òrí náà wà lẹ́yìn ọkọ̀ títí tó fi yọ́ dànù, lójú wa. A kò sọ pé olè ni wọ́n. Ohun tí a sọ ni pé wọn kò fún wa ní rìsíìtì.

Èyí tó mú àgádágodo lọ́wọ́ nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ìyá Ẹgbẹ́ wa, tí ó ti lé ní 80, ní kí ó ṣe sùúrù. Ó dá a lóhùn pé, "Ìwọ, kúrò lọ́nà." Ìwọ. A kò ní kí ẹ bá a wí, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ yín.

A wádìí bí wọ́n ṣe rí ₦12,000 náà. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti káńsù pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ní ìjọba fẹ́ mọ iye wa kí wọ́n lè ràn wá lọ́wọ́. A fún un ní ìjókòó, a gbé ẹ̀kọ fún un. Àwa fúnra wa la ka àpò fún un: ó tó mẹ́fà lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan. Àpò mẹ́fà yẹn ló di ₦2,000 lọ́nà mẹ́fà lónìí. Ìrànlọ́wọ́ náà nìyẹn. Lọ́dún yìí, púpọ̀ nínú wa kò ṣà ju àpò kan àbọ̀ lọ. Àwọn àgbà ní igi tó bá so ni à ń sọ lókò. Èyí tí kò so ni wọ́n ń sọ lókò báyìí.

Alága wa, igi òrí kì í ṣe àgbàdo. Kò sẹ́ni tó gbìn ín nínú wa. Àwọn bàbá ńlá wa ló dá a sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko. Ó tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, bó bá sì bẹ̀rẹ̀, bó ṣe wù ú ló ń ṣe. Ọdún tó bá so títí ẹ̀ka fi ń tẹ̀, agbára rẹ̀ á tán, ọdún kejì á fẹ́ sinmi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ òdòdó, lẹ́yìn tó bá ti wọ́wé, ìgbà yẹn gan-an sì ni wọ́n ń finá sígbó. Iná jó òdòdó rẹ̀ ní Oṣù Kejì ọdún yìí, èéfín sì lé oyin tí ì bá bà lé èyí tó kù. Ní 2024, láti Oṣù Karùn-ún títí wọ Oṣù Kẹjọ, òrí bọ́ sílẹ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ gan-an jẹ ẹ́ sú. Lọ́dún yìí, aago mẹ́rin ìdájí là ń jí, a ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a lábẹ́ igi, agbọ̀n kì í dé ìdajì. Igi méjì wà lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀ka wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn: ọ̀kan so, èkejì kò ní ẹyọ kan. Ta ni yóò san owó ti èkejì? Igi irú náà kò ṣe dáadáa. Ìyeyè nìkan ló so bó ti ń so, ìyeyè kò sì ṣeé fi san owó ilé-ìwé.

Oníbàárà tó ń ra kóró lọ́wọ́ wa kó lọ sí òkè òkun kò tún yọjú mọ́ láti ìgbà tí òfin Oṣù Kẹjọ ti dé.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àpò wa 14 padà kí òjò tó pa á. Kóró tó bá fa omi á bu, òrí rẹ̀ á korò, kò sẹ́ni tí yóò rà á. Ẹ jẹ́ kí a padà sí owó orí àpò. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sókè, ẹ pè wá ní ìparí Oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí gbogbo wa bá ti rí ohun tí igi mú wá, kí a jọ sọ ọ́. Bí 2026 bá so, ẹ óò rí wa láìpè.

Ẹ̀rọ omi ọjà ti bàjẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, àwọn eléèédú sì ń gé igi òrí tútù; ẹ bá wa wò ó.

A kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Ṣùgbọ́n ìpàdé wa ọjọ́ Jímọ̀ gbóná. Àwọn ìyá àgbà kan dá a lábàá pé níwọ̀n ìgbà tí ìsọ̀ ti wà ní títì, kí a ru ààrò àti ìkòkò wa wá sí iwájú sẹkitéríàtì, kí a máa yan kóró níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan òrí mọ bí èéfín rẹ̀ ṣe ń rí. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà láti fún yín ní ọjà méjì. Àwa 63 ni a ní káàdì ìdìbò. A kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà yín.

Àwa ìyá yín tí a wà lábẹ́ yín,

Ìyá Ẹgbẹ́ (ó tẹ ìka)
Igbákejì Ìyá Ẹgbẹ́ (ó tẹ ìka)
Akápò
Akọ̀wé

Ẹ̀dà kan wà ní ààfin Ọba wa.