Ẹ yéé bú òpìtàn tó yẹ ìwé Equiano wò

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tẹ́nì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé òyìnbó tó lọ tú ìdí ìwé Olaudah Equiano, ẹrú àtijọ́ tó kọ ìtàn ayé ara ẹ̀, ọ̀tá aláwọ̀ dúdú ni, ó dùn mí gan-an, torí hístìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kubwa níbí.

Ọdún 1789 ni Equiano tẹ ìtàn ayé ara ẹ̀ jáde ní London, ó ní ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jí òun àti ọmọ ìyá òun obìnrin gbé, wọ́n sì tà wọ́n. Ìgbà tó yá ni Vincent Carretta, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, òyìnbó tí lẹ́tà yẹn ń bú, lọ rí i nínú rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret's ní Westminster, níbi tí wọ́n ti sàmì fún un ní 1759, pé Carolina ni wọ́n bí i sí. Ó tún rí ìwé orúkọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi Racehorse ní 1773, South Carolina ni wọ́n kọ síbẹ̀ náà. Ṣé kó rí i kó wá gbé e pamọ́ ni?

Mi ò ní ká gbà á fún un bẹ́ẹ̀ o. Ọmọdé ni Equiano nígbà ìsàmì yẹn, ẹrú sì ni, ó lè jẹ́ pé àwọn tó mú un lọ ló dá akọ̀wé lóhùn. Ti ọkọ̀ yẹn ló le, torí ó ti ra ara ẹ̀ padà láti 1766, àgbà ọkùnrin ni, ẹnu ara ẹ̀ ló jọ pé ó fi sọ ọ́, àwọn tó ń gbèjà ẹ̀ sì máa ń yára fo ibẹ̀ yẹn. Paul Lovejoy, òpìtàn kan ní Kánádà, ò fò ó, òun náà lọ wá ẹ̀rí tiẹ̀, ó tọ́ka sí ilà iwájú orí tí Equiano júwe, èyí táwọn Ìgbò ń pè ní ichi. Kódà nígbà tí ìwé ìròyìn London ní 1792 sọ pé erékùṣù Santa Cruz ni wọ́n bí i sí, àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó kọ́kọ́ dé England tí ò gbọ́ ju èdè Áfíríkà lọ ni Equiano pè ní ẹlẹ́rìí. Èmi gbà pé ọmọ Ìgbò ni, àmọ́ Carretta ló jẹ́ ká wádìí ẹ̀ dójú àmì.

L'Abuja wa níbí ńkọ́? Ọ̀gá ológun tàbí olóṣèlú á kọ ìwé nípa ara ẹ̀, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, alága á sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á máa dìde náwó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ò ní bèèrè pé ìwé wo la lè fi yẹ ohun tó wà ní ojú ewé kẹwàá wò. Bẹ́ẹ̀ National Archives, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ìjọba sí, wà ní Kaduna, Arewa House tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ìtàn náà wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ máa tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún òpìtàn kan kó yẹ déètì àti orúkọ inú ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì tẹ ohun tó bá rí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Olùkọ́ hístìrì, Kubwa, Abuja